Munir Ń Pè Lásìkò Màgàríbì

Bí ládàánì ṣe la ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni fóònù Ojúọlápé dún.

Kò sẹ́ni tó mira nínú yàrá náà. Fóònù wà lórí àpótí. Wọ́n da àwo dé e lórí bí ẹni bo òròmọdìẹ mọ́lẹ̀. Sájẹ́ǹtì Sàlíhà gbé àwo náà kúrò. Orúkọ Munir ló wà lójú fóònù, Munir ọmọ Ojúọlápé, tí ẹnikẹ́ni kò fojú kàn mọ́ láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà kan lọ:

*Màámi, èmi ni. Ṣé ẹ gbọ́?*

Bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ "Mo gbọ́" sí i lára.

"Ojoojúmọ́ ló ń wá," ni Ojúọlápé wí. Aṣọ ló ń tà ní Asafo, nílùú Kumasi, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí ìsọ̀ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti sọnù. "Bí wọ́n bá ti ń pe ìrun Màgàríbì báyìí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, á parẹ́."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Àìkú, iná lọ, fóònù mi kú. Nígbà tí n ó fi rí iná fún un, wọ́n ti ń wá Munir kiri."

"Ẹ ti dá a lóhùn rí?"

Ìyá náà wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ kò pé. "Sàlíhà, ṣé wọn ò tọ́ ọ nílé ni? Bí ẹni tí o ò rí bá pè ọ́ ní àṣálẹ́, o máa jẹ́ ẹ? Lúkmàn tí òun àti Munir jọ ń ṣiṣẹ́ gan-an ní kí n má dán an wò."

Sàlíhà wo bọ́tìnì náà. Wọ́n tọ́ ọ nílé. Ìyá ìyá rẹ̀ gbá a létí rí nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ní àdúgbò Sawaba yìí kan náà. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè àìrí, ó ti bá olùpè lọ nìyẹn.

Alfa Hàbíbùlláhì, àbúrò bàbá Munir, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́tùrù àlùwàlá. "Ẹni tó bá wà láyé á pe ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án," ló wí. "Jímọ̀ ni ọ̀túnla. Bí a bá kírun tán, a máa kí ti òkú fún Munir, bí òkú ò tilẹ̀ sí nílẹ̀."

"Ẹ fẹ́ kírun òkú fún ọmọ tí kò kú?"

"Ojúọlápé, ta ló wá ń pè ọ́ ní Màgàríbì?"

Obìnrin náà kẹ̀yìn sí i. Ó yíjú sí Sàlíhà. "Sọ ọ̀kan fún mi kó tó di Jímọ̀. Ó wà, tàbí kò sí. Má wá fi ọ̀rọ̀ rọ̀ mí o. Ọ̀kan ni kí o sọ."

Fóònù náà ṣì ń tàn. Nígbà tí òkùnkùn gba inú yàrá, ìlà náà parẹ́ fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá dúró títí lẹ́nu ọ̀nà tó sì padà lọ.

Kwaku ti yanjú ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó dé gbọ̀ngàn ìdánwò ní Race Course láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kọ́nsítébù ni, ọmọ Asante tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣálásí Sawaba. Yorùbá yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju ti àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn lọ.

"Ọ̀gá, ó sá ni. Ó kùnà ìdánwò, ojú tì í. Ó gbé alùpùpù rẹ̀ sí ibùdó ọkọ̀ Asafo, ó wọkọ̀ lọ Accra. Ṣebí ní ibùdó náà la ti rí alùpùpù rẹ̀."

"Ta ló wá ń ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀?"

"Òun náà ni. Láti Accra."

"Kí ló dé tí kò sọ ju ìlà kan lọ?"

Kwaku rò ó. "Bóyá kírẹ́díìtì rẹ̀ ò tó."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Máa rìn."

Gbọ̀ngàn ìdánwò náà wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ariwo ọjà Kejetia ń hó nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti tilẹ̀kùn, èèyàn lè gbọ́ mímí ara rẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Afia ló ń bójú tó ibẹ̀. Twi, èdè àwọn Asante, ni wọ́n jọ sọ.

"Ibí yìí la ti ń ṣí ilẹ̀kùn ọ̀la fún àwọn ọ̀dọ́ Kumasi," ni Afia wí.

"Ti gbọ̀ngàn yìí ni kẹ́ ẹ ṣí."

Afia ṣí i. Kámẹ́rà kéékèèké wà ní àjà, ọ̀kọ̀ọ̀kan dojú kọ àga kan. Gbogbo àga ṣófo. Síbẹ̀ ẹ̀rọ kan ń tàn ní ìlà tó kẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú rẹ̀: MUNIR BÁKÀRÈ, JỌ̀WỌ́ JÓKÒÓ.

Kwaku fẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. "Awurade, Olúwa mi," ló rọra wí.

"Kí nìyí?" ni Sàlíhà bi Afia.

"Ó gba àyè fún àárọ̀ yìí. Ẹ̀rọ náà á máa retí rẹ̀ títí àkókò rẹ̀ á fi kọjá."

"Ìgbà wo ló gbà á?"

"Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Sátidé ni wọ́n ṣe ìdánwò, èsì jáde lọ́jọ́ kejì. Èyí tó kùnà gan-an ló fẹ́ tún ṣe."

Sàlíhà wo Kwaku. "Ẹni tó fẹ́ sá lọ Accra lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó tún gba àyè ìdánwò ní Kumasi fún Ọjọ́bọ̀?"

Kwaku ń wo bàtà rẹ̀.

Nígbà tí Sàlíhà ní kí Afia fi ọ̀rọ̀ ńláńlá sílẹ̀, Afia ṣàlàyé dáadáa. Munir àti Lúkmàn jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tó ń mú kí ẹ̀rọ bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: ti ilé ìwòsàn bá ti ilé oògùn, ti ṣọ́ọ̀bù bá ti báńkì. Ìdánwò méjì ló wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní ti akọ́lé. Ẹni tó bá ń ṣe é máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ̀nà láàárín ẹ̀rọ méjì, wọ́n á sì wò ó bóyá ọ̀rọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Èkejì ni ti ayàwòrán. Òun kì í kọ́ nǹkan kan. Wọ́n á ròyìn ilé iṣẹ́ ńlá kan fún un, á sì yan bó ṣe yẹ kí wọ́n to gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá wọn ní kí oníkálukú yan ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá yege ti ayàwòrán ló máa ṣe olórí ẹ̀ka tuntun. Ẹni tó bá kùnà èyí tó yàn, kó máa lọ sílé.

"Ta ló yan èwo?"

"Lúkmàn yan ayàwòrán, ó yege. Munir yan akọ́lé, ó kùnà. Ó yà mí lẹ́nu, mi ò purọ́. Munir ló ń wá kọ́ àwọn yòókù níbí. Iṣẹ́ akọ́lé, ó lè dijú ṣe é."

"Kí ló dé tí kò yan èyí tó máa sọ ọ́ di olórí?"

"Ó pẹ́ kó tó yàn. Ó jókòó síbí lọ́pọ̀ ọjọ́, ó ń ka ìwé méjèèjì. Ó ní ti ayàwòrán, èèyàn lè mọ̀ ọ́n sọ láìmọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní ohun tí ọwọ́ òun bá ṣe ni òun fẹ́ kí wọ́n fi mọ òun."

"Báwo lẹ ṣe mọ ẹni tó jókòó síbo?"

"A yẹ ojú wọn àti káàdì wọn wò lẹ́nu ọ̀nà."

"Tí wọ́n bá ti wọlé ńkọ́?"

"Kámẹ́rà ń ṣọ́ wọn."

Sàlíhà gbójú sókè. Láti òkè àjà, kí ni kámẹ́rà lè rí? Àtàrí. Ọ̀dọ́kùnrin méjì tó gé irun mọ́lẹ̀, àtàrí méjì. "Ẹ fi ìjókòó ayàwòrán hàn mí," ló wí.

Afia mú un dé ibẹ̀. Sàlíhà wo tábìlì náà títí. "Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ dà?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Wọn ò kọ ohunkóhun. Wọ́n kàn ń fi ìka tọ́ ìdáhùn tí wọ́n bá yàn lójú ẹ̀rọ ni."

Nígbà tí wọ́n máa jáde, ẹ̀rọ ìlà ẹ̀yìn yẹn dún lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ Munir kúrò lójú rẹ̀. Ẹni tí à ń retí kò wá, ló kọ. Lẹ́yìn náà ló kú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n bá Lúkmàn ní Asafo, nídìí oníṣáì kan tó ń po tíì. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó bí i. Ojúọlápé ń fún Munir lọ́mú lọ́wọ́ nígbà náà, ó sì gbé ọmọ aláìníyàá náà sí ọmú kejì. Nínú ẹ̀sìn wọn, ọmọ ìyá ni wọ́n ka irú wọn sí. Láti ọjọ́ tí Munir ti sọnù, yàrá Ojúọlápé ni Lúkmàn ń sùn.

"Àǹtí Sàlíhà, ẹ jókòó. Chalé, ọ̀rẹ́ mi Kwaku, ìwọ náà jókòó. Ayé mi ti di ahoro, Àǹtí. Ọkàn mi fọ́ bí ìkòkò."

"Jẹ́ ká fi ìkòkò sílẹ̀. Ìdánwò ọjọ́ Sátidé, báwo ló ṣe rí?"

"Ó le o. Ọ̀rọ̀ ń wọlé ní apá kan, kò jáde ní apá kejì. Mo tú u, mo tún un tò, òógùn bò mí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí kíbọ́ọ̀dù débi pé ohun tí n ò fẹ́ tẹ̀ ni mò ń tẹ̀."

"Síbẹ̀ o yege."

"Ọlọ́run ló ṣe é."

Ife ṣáì Kwaku dúró ní agbedeméjì ọ̀nà ẹnu rẹ̀. Sàlíhà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Kọ́ mi ní nǹkan kan," ló wí fún Lúkmàn. "Nínú iṣẹ́ yín, bí ẹ̀rọ kan bá ránṣẹ́ sí èkejì, tí èkejì ò sọ pé òun gbọ́ ńkọ́?"

Ara Lúkmàn balẹ̀. Ohun tó mọ̀ nìyí. "Iṣẹ́ náà á dúró lórí ìlà. Bí àkókò bá tó, wọ́n á tún un rán. Á máa lọ, á máa bọ̀, títí wọ́n á fi dá a lóhùn."

"Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọn ò lè fo èyí tó wà níwájú. Bí wọn ò bá dá tiwájú lóhùn, ti ẹ̀yìn ò ní…"

Ó wo ojú ọ̀nà. Ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mu ún, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ta ló ṣe ètò tó ń pe ìrun lórí fóònù Màámi?"

"Munir ni."

"Ibẹ̀ náà ló ń gbà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti pe Màgàríbì ló máa ń tún un rán."

"Ta ló ní kí Màámi má tẹ bọ́tìnì yẹn?"

"Àǹtí, àṣà wa ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í…"

"Màámi ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn bọ́tìnì. Ìwọ mọ̀. Dìde, à ń lọ kírun Màgàríbì nílé."

Lúkmàn ṣíwájú wọn, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Kwaku sún mọ́ ọ̀gá rẹ̀. "Kíbọ́ọ̀dù," ló wí jẹ́ẹ́.

"Mo gbọ́. Wọ́n pààrọ̀ àga nígbà tí wọ́n wọlé tán. Munir ló jókòó sí àga ayàwòrán, ó bá a yege rẹ̀. Lúkmàn jókòó sí àga akọ́lé, ó kùnà á mọ́ Munir lórúkọ."

"Kí ló dé tí Munir á gbà?"

"Ọmú kan náà ni wọ́n mu. Ẹni tí kò fẹ́ ṣe olórí lè fi ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ lóore. Kò mọ̀ pé Lúkmàn máa kùnà, pé òun ló máa pàdánù iṣẹ́ òun. Nígbà tí èsì jáde, o rò pé ó máa dákẹ́?"

"Ọ̀gá, kí la wá ń dúró dè? Ẹ jẹ́ ká tì í mọ́lé."

"Nítorí kíbọ́ọ̀dù? Munir ni mò ń wá."

Wọ́n ti mú iná lọ ní Sawaba. Fìtílà kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá Ojúọlápé, kò sì dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Alfa Hàbíbùlláhì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Lúkmàn kúnlẹ̀ sí ibi tí wọ́n fi hàn án. Níta, ewúrẹ́ kan sunkún, ó dákẹ́.

Ládàánì bẹ̀rẹ̀. Fóònù dún.

*Màámi, èmi ni. Ṣé ẹ gbọ́?*

"Màámi," ni Sàlíhà wí, "ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò lè tẹ̀ ẹ́."

"Ọ̀rọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò lè dé ọ̀dọ̀ yín àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ jẹ́ èyí."

"O lè búra pé kò ní mú mi lọ?"

Sàlíhà wo fìtílà. "Mi ò lè búra. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ yín sọ nǹkan, ó sì wà níbẹ̀."

Lúkmàn fi eékún wọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Màámi, mo fi ọmú tí mo mu bẹ̀ yín. Kì í ṣe Munir. Ẹ má jẹ́ ẹ. Ẹ máa kú, Màámi."

Ojúọlápé bojú wò ó.

"Lúkmàn, èmi ni mo máa kú. Kí ló wá ń gbọ̀n ọ́?"

Ó na ìka rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì náà.

Ládàánì parí ìpè rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Alfa ti dá tẹ̀sùbáà dúró. Fìtílà ń jó láìmì. Lẹ́yìn náà ni fóònù tún dún, Sàlíhà sì kà á sókè:

*Ẹ má bínú sí Lúkmàn. Àwa méjèèjì la jọ pààrọ̀ àga, èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n lọ́la mo máa sọ fún ọ̀gá wa.*

Ojúọlápé tẹ̀ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó tẹ̀ ẹ́.

*Mo ti yàn o, Màámi. Ti akọ́lé náà ni mo tún máa ṣe, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.*

Ó tẹ̀ ẹ́.

*Lúkmàn ní ká pàdé ní ilé bàbá òun tí wọn ò kọ́ parí, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ Asafo. Mi ò ní pẹ́. Ẹ bo oúnjẹ mi.*

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé fóònù náà lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń dúró. Kò dún mọ́.

Kwaku ti jáde. Wọ́n gbọ́ tó ń fi Twi pe àgọ́ ọlọ́pàá lórí fóònù, wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré. Sàlíhà di Lúkmàn mú lápá, ó mú un jáde sí àgbàlá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Sọ ọ́ kíákíá."

"Ó ṣubú ni, Àǹtí. Mo tì í díẹ̀. Kòtò omi wà níbẹ̀, wọn ò dé e. Ó gbẹ. Mi ò mọ̀ pé ó jìn tó bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ lo gbé alùpùpù rẹ̀ lọ sí ibùdó ọkọ̀?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Nígbà tí o kúrò níbẹ̀, ó dákẹ́?"

Lúkmàn ò fẹ́ sọ ọ́. Sàlíhà fa apá rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́.

"Ó ń pè mí."

"Kí lo ṣe?"

"Ilẹ̀ ti ṣú. Mi ò jẹ́ ẹ."

Òtútù mú Sàlíhà nínú ooru Kumasi. Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de Lúkmàn mọ́ irin fèrèsé. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí Kwaku fi pè.

"Ọ̀gá, a ti rí i."

"Ó ń mí?"

"Daabi, kò mí." Ohùn Kwaku ti yàtọ̀. "Dókítà wà níbí. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ Àìkú ló kú. Ọ̀gá, ó gbìyànjú láti gun ògiri jáde. Ó hàn lára ògiri kòtò náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó…"

"Dákẹ́ síbẹ̀."

Sàlíhà wọlé padà. Ojúọlápé kò kúrò níbi tó jókòó sí. Ó wo ojú Sàlíhà, kò sì bèèrè bóyá ọmọ òun wà tàbí kò sí. Ó ti rí i. Òmíràn ló bèèrè.

"Ká ní mo ti jẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ajé ńkọ́?"

Alfa Hàbíbùlláhì gbójú sílẹ̀. Lára fèrèsé, Lúkmàn gbórí sókè, Sàlíhà sì rí ojú rẹ̀ láàárín irin. Ó tẹjú mọ́ ọn títí Lúkmàn fi tẹ orí rẹ̀ ba.

"Alẹ́ ọjọ́ Àìkú náà ló kú, Màámi. Bó ṣe ṣubú ni. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ẹnu dókítà ni mo ti gbọ́ ọ."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ẹ lọ sọ fún wọn ní mọ́ṣálásí pé òkú wà nílẹ̀," ló wí. Ìgbà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Sàlíhà jáde sí òkùnkùn àgbàlá, ó sì tún pe Kwaku.

"Bí dókítà bá ṣe tán, má kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó máa wẹ̀ ẹ́. Sọ fún wọn pé ọwọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wé. Kí aṣọ náà nípọn. Ìyá rẹ̀ máa fẹ́ rí ojú rẹ̀."